Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí Mo Fi Dá Bàbá Mi Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí mo bá ní ìdálẹ̀ ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé láti Epinmi sí Ìkàrẹ́ náà lẹ ń pè ní ìdálẹ̀?" Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ìrìn ọjọ́ kan ni lóòótọ́. Ẹni tó bá jí ní àkùkọ ìdájí, tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè Ọ̀kà, kí oòrùn tó wọ̀, á ti rí àpáta ńlá Ìkàrẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún kò jẹ́ nǹkan kan létí àwọn ará Ìkàrẹ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ọjà ni èmi sì ti kọ́ Yorùbá, mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rìn lórí àpáta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìlú tí o bá ti gbọ́dọ̀ ronú kí o tó bú ènìyàn, ìdálẹ̀ ni.

Kì í ṣe Yorùbá ló kó bá mi ṣá. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ni, ọ̀rọ̀ kékeré tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀: wọ́ǹtì. Òun ló fún mi níṣẹ́, òun ló dé mi ní fìlà pupa, òun náà ni mo sì fi dá bàbá mi padà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó wá bẹ̀ mí pé kí n gba àbúrò mi sílẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ títì. Òjó lorúkọ àbúrò mi. Ó ti já bọ́ lórí ọ̀pẹ nígbà tó ń gé ẹyìn, láti ìgbà náà ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹnu mi nìkan ló lè yọ ọ́. N kò sì la ẹnu náà.

Ilé Àfáà kan ni mo wọ̀ sí ní Ìkàrẹ́, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kéwú lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. N kì í ṣe mùsùlùmí, kò sì bi mí. Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ládánì kígbe ìrun, mo fò dìde, mo gbá àdá mú, mo rò pé ogun ti wọ̀lú. Àfáà bá mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àlejò," ó ní, "Ọlọ́run là ń pè, kì í ṣe ìwọ. Lọ sùn." Fún oṣù kan gbáko, bí mo bá kọjá, àwọn ará ilé á ní, "Ẹ sá o, ológun ti jí!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ yàrá, mo máa ń bá ara mi sọ èdè ilé wa, kí n lè gbọ́ ọ.

Koríko ni mo kọ́kọ́ ń gé lórí òkè, níbi ilé tí Òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ ń gbé. Akọ̀wé ló yọ mí kúrò nídìí koríko. Ará ìhà Abẹ́òkúta ni, ó ń wọ bàtà nínú ilé pàápàá, ó sì gbà pé gbogbo wa ní Àkókó, inú ihò àpáta la ti jáde wá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "O ga. O ó ṣe akọ́dà." Iṣẹ́ akọ́dà kò ju pé kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o nílò," Akọ̀wé sọ fún mi. "Wọ́ǹtì. Òun ni fífẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá dé, bi í pé kí ló fẹ́. Bó bá ti sọ ọ́, wá wí fún mi. Bí kò bá fẹ́ nǹkan kan, kó máa lọ sílé rẹ̀. Òyìnbó ò ráyè."

Mo kọ́ ọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo lè kígbe "Wọ́ọ̀tì dù yù wọ́ǹtì?" débi pé Òyìnbó fúnra rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ wo ayọ̀! Mo sáré sọ fún Àfáà bí ẹni tó jẹ oyè. Nígbà tí wọ́n fún mi ní kakí àti fìlà pupa, mo gba ọ̀nà jíjìn lọ sílé lọ́jọ́ náà kí àwọn ènìyàn lè rí mi. Àwọn tó ń pè mí ní ológun dákẹ́. Obìnrin kan tó ti máa ń fi Yorùbá mi ṣe ẹ̀fẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi. Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Ẹni tó bá ń dúró nídìí ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀ dalẹ́ á mọ ìwà ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ohun tí Òyìnbó kò fi wọ́ǹtì béèrè. Ó fi ń béèrè tíì lówùúrọ̀. Ó fi ń béèrè bàtà rẹ̀. Ó fi ń béèrè àwọn tó máa gbé e lọ sí Ọ̀kà. Bó bá bínú sí ẹnì kan, yóò ní òun wọ́ǹtì ẹni náà, a ó sì lọ mú un wá. Kò fi ọ̀rọ̀ ìkíni sí i lára, kò fi ẹ̀bẹ̀ sí i nídìí. N kò bínú sí i, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bó bá wọ́ǹtì omi, ó sọ pé omi, omi sì dé. Ó tilẹ̀ wù mí.

Ní ilé tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Àlejò kì í dé ká bi í pé kí ló fẹ́. Ẹnu rẹ á bó. Omi là ń kọ́ fún un. A ó béèrè ará ilé, a ó béèrè oko, a ó béèrè ẹsẹ̀ màmá rẹ̀ tó ń dùn ún lọ́dún tó kọjá. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́, yóò ní, "Kò sí nǹkan kan o, mo ní kí n wá kí yín ni." Onílé náà mọ̀ pé nǹkan wà. Yóò sìn ín sọ́nà. Ìgbà tí wọ́n bá ti rìn jìnnà díẹ̀ sílé, tí àlejò bá ti ní kí onílé padà lẹ́ẹ̀mejì, tí onílé sì ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ á tó jáde. Ẹni tí kò bá sin àlejò sọ́nà, ó ti lé ọ̀rọ̀ padà sínú ẹni náà.

Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi. Kí ni mo wá ṣe? Àwọn àgbà mẹ́ta kan wá láti Ese lọ́jọ́ kan, wọ́n fọ aṣọ wọn mọ́, èyí tó dàgbà jù di obì mú nínú ewé. Mo bi wọ́n, "Kí lẹ fẹ́?" Wọ́n wo ara wọn. Àgbà náà ní, "Kò sí o, ọmọ mi. A ní ká wá kí Ajẹ́lẹ̀ ni." Mo yíjú sínú, mo ní, "Dè wọ́ǹtì nọ́tìn, sà." Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Àgbà náà dúró díẹ̀, obì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi bóyá nǹkan mìíràn á tún ti ibẹ̀ jáde. N kò mọ ohun tí wọ́n bá wá di òní olónìí. Bóyá ilẹ̀ ni, bóyá ẹ̀mí ènìyàn ni. Mo kàn mọ̀ pé ọ̀nà ọ́fíìsì tètè dá lọ́jọ́ náà, Akọ̀wé sì yìn mí pé mo yára.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé, ẹnu Ìyá Elépo ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ará Epinmi ni, ó máa ń ru epo wá sí ọjà Ìkàrẹ́. Ọjọ́ ọjà lọjọ́ àjọ̀dún mi. Màá lọ jókòó tì í nídìí ìkòkò epo, á máa ta, á máa sọ. Ó mọ bí ohùn olúkúlùkù ṣe ń rí. Bó bá ń jíṣẹ́ ìyá mi, á fa ọ̀rọ̀ bí ìyá mi. Bó bá ń jíṣẹ́ Òjó, á sọ ọ́ kíá, á fi ẹ̀fẹ̀ sí i. "Òjó ní kí n bi ọ́ bóyá fìlà pupa yẹn ti hu irun lórí rẹ. Ó ní bí o bá ń bọ̀ nílé, kí o má wọ̀ ọ́ o, adìẹ á rò pé àkùkọ tuntun dé." Màá rẹ́rìn-ín, màá fi iyọ̀ rán an sí ìyá mi, màá fi tábà rán an sí bàbá mi. Bó bá di ẹrù rẹ̀, ńṣe ni ọjà á dà bí ahoro lójú mi. Ó máa ń bi mí pé, "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Màá ní, "Láìpẹ́." Ọdún mẹ́ta ni mo fi wí bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí òjò ọdún kẹta ni Òyìnbó ní òun wọ́ǹtì títì láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. Ó jókòó, ó ń kà á fún Akọ̀wé, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́: òun wọ́ǹtì ọkùnrin báyìí láti ìlú yìí, báyìí láti Ìfira, báyìí láti Epinmi. Bó ṣe ń béèrè tíì náà ni. Wọ́n rán àwọn akọ́dà lọ sọ fún àwọn baálẹ̀, ojúlé kan, ọkùnrin kan. Mo gbọ́ orúkọ ìlú mi, orí mi tilẹ̀ wú pé Òyìnbó mọ̀ ọ́n pè. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ojúlé wa náà wà ní Epinmi. Bàbá mi ti darúgbó. Èmi wà ní Ìkàrẹ́. Ta ló kù?

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn èyí ni bàbá mi dé. Ó ti sùn sí Ọ̀kà, kó lè dé Ìkàrẹ́ kí oòrùn tó mú. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì tò sáàárín wọn bí ẹni tí kò ní ọmọ níbẹ̀. Ó wọ agbádá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó gbá àgbébọ̀ adìẹ kan mọ́ra. Mo rí i láti òkèèrè, mo sì mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé n kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ló mú mi. Akọ̀wé wà lẹ́yìn mi, ó ń tẹ́tí. Ó ti ní kí n má jẹ́ kí àwọn ará oko wá máa fọwọ́ kan kakí mi.

Nígbà tó kàn án, ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́?"

Yorùbá ni mo fi bi í. Baba tó bí mi, n kò fi èdè ilé wa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló lọ. Òun náà fi Yorùbá ọjà tí kò ju tèmi lọ dá mi lóhùn. Ó ní, "Kò sí o. Mo ní kí n wá kí ọ ni."

Mo ní, "Ẹ kú àbọ̀. Ẹ lọ jókòó lábẹ́ igi ọ̀hún, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi."

Ó lọ jókòó. Omi wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò fún un. Òjìji igi náà kúrò lórí rẹ̀, kò sún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wo ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé ọwọ́ kan sókè sí i bí Òyìnbó ṣe máa ń ṣe bó bá ń lọ. Mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi kọrí sí ọ̀nà Ọ̀kà, mo sì ní ní inú mi pé àgbà ti rí ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá àgbébọ̀ náà ní ìso lẹ́sẹ̀ ìlẹ̀kùn Àfáà. Àfáà ní, "Bàbá rẹ dé síbí. Mo fún un lómi, mo ní kó sùn, ó ní rárá. Ta ló sìn ín sọ́nà?"

Mo ní, "Iṣẹ́ wà."

"Kí ló bá wá?"

"Mo bi í. Ó ní kò sí."

Àfáà fi tẹ̀sùbáà tó ń kà sílẹ̀. "O bi í!" ó ní. "Bàbá rẹ ni o bi, o sì gbà pé kò sí! Ọmọ yìí, ta ló ń rin ìrìn ọjọ́ kan torí àtifi adìẹ ta ọmọ lọ́rẹ? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ìwọ kò tilẹ̀ gba ààbọ̀ náà."

Mo bínú sí Àfáà. Mo ní bí ènìyàn bá fẹ́ nǹkan, kó sọ ọ́. Torí ọ̀rọ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ẹnu. Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń sọ. Àfáà dìde. Ó tú adìẹ náà, ó fún un lágbàdo.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Elépo wá. Kò sọ ọ̀rọ̀ ní ohùn ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Òjó ni wọ́n mú ní ojúlé yín. Ó ti wà nídìí òkúta ní ẹ̀bá Ọ̀kà láti ìjẹta. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn! Torí ẹ̀ ni bàbá rẹ ṣe wá bá ọ."

Mo pariwo. Mo ní, "Kí ló dé tí kò sọ? Ṣé kò lẹ́nu ni? Mo bi í o! Lójú gbogbo ayé ni mo ti bi í!"

Ìyá Elépo wò mí bí ẹni tó ń wo epo tó ti bàjẹ́. "Lójú gbogbo ayé," ó ní. "Ibẹ̀ lo fẹ́ kó ti sọ ọ́? Lọ sọ fún òyìnbó rẹ, jàre. Ọ̀rọ̀ kò tíì bọ́."

Òtítọ́ ni, ọ̀rọ̀ kò tíì bọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni. Òyìnbó ti yọ àwọn mìíràn sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tàbí ojú. Èmi fúnra mi ni mo kó wọn wọlé. Mo lọ, mo dá ọ̀rọ̀ náà rò nínú yàrá mi. Àì wọ́ǹtì mai brọ́dà. Mo sọ ọ́ títí ó fi yọ̀ lẹ́nu mi. Nígbà náà ni mo wá rí i pé láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sọ ohun tí gbogbo ayé fẹ́, n kò tíì sọ "mo fẹ́" rí níwájú ọkùnrin náà. Ẹlòmíràn ló ń fẹ́. Èmi ń jíṣẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kìíní, ibà ń ṣe Òyìnbó. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wo títì. Lọ́jọ́ kẹta, Akọ̀wé kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń tijú kí Akọ̀wé má bàa mọ̀ pé ará mi ló ń fọ́ òkúta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ku èmi pẹ̀lú rẹ̀. Mo wọlé, mo dúró síwájú tábìlì. Mo kí i. Mo tún un kí. Mo béèrè ibà rẹ̀. Mo ní òjò ti lọ. Ó gbé ojú sókè nínú ìwé, kò bínú rárá, ojú rẹ̀ tutù bí ojú ènìyàn rere. Ó ní, "Wọ́ọ̀tì dù yù wọ́ǹtì?"

Mo ní, "Nọ́tìn, sà."

Bẹ́ẹ̀ ló jáde. Olúwa mi ni ẹlẹ́rìí, n kò pinnu ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Epinmi ló ti ibi tó sá pamọ́ sí jáde, ó sì yan ọjọ́ náà láàárín gbogbo ọjọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń retí kó tún mi bi. Ó yẹ kó ní, "Rárá, nǹkan wà." Ó yẹ kó dìde, kó bá mi rìn dé àgbàlá. Ó mi orí, ó padà sínú ìwé rẹ̀. Mo jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní màá tún wọlé lọ́la.

Lọ́la náà ni wọ́n mú ìròyìn Òjó wá láti Ọ̀kà.

Bí wọ́n ṣe ń fọ́ àpáta nígbà náà, iná ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Wọ́n á kó igi jọ lé e lórí, wọ́n á dáná títí ara àpáta á fi gbóná kọjá sísọ, lẹ́yìn náà wọ́n á da omi tútù lé e. Àpáta á bẹ́ bí ìbọn. Ẹni tó bá da omi gbọ́dọ̀ sá, kó sì yára. Wọ́n ní Òjó kò lè ru òkúta nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá ní kó máa da omi, pé ìyẹn fúyẹ́. Àwọn yòókù sá. Òun náà sá, bó ṣe lè sá mọ.

Mo rìn dé Ọ̀kà láìjókòó. Ilé olóore kan ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, yàrá tó ṣókùnkùn. Wọ́n ti fi aṣọ di ojú rẹ̀ méjèèjì tí èérún òkúta fọ́. Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ dé," ní èdè ilé wa. Mo ti yọ fìlà pupa, mo ti ká a sínú àpò. Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo kó wá lọ́nà wà ní ẹnu mi, mo sì ti pinnu pé bí wọ́n bá lé mi jáde ní ìdílé, ó tọ́ sí mi.

Òjó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ wá, ó wá èjìká mi rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ wá. Kí ni òyìnbó wí?"

Mo ní, "Nípa kí ni?"

"Nípa tèmi. Bàbá sọ fún mi. Nígbà tí wọ́n ti Ìkàrẹ́ dé, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, pé ẹ gbà wọ́n lálejò dáadáa, ẹ sì ní ẹ máa bá òyìnbó sọ ọ́. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe sá wọ igbó nígbà táwọn kan sá. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ọ̀nà Ìkàrẹ́, mo ń ní akọ́dà á yọ."

Mo wo bàbá mi. Kò wò mí. Ọwọ́ Òjó tó dì mú ló ń wò, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ nu erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ti purọ́ nítorí mi, kí ọmọ kan má bàa mọ ohun tí ọmọ kejì ṣe. Ó sì ń dúró, bí èmi náà ṣe ń dúró, láti gbọ́ ohun tó máa ti ẹnu mi jáde.

Mo ní, "Ó kọ̀."

"Ó kọ̀?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀."

Òjó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ó ti gbìyànjú. Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín." Ó ń pa mí lẹ́jìká, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún, torí mo ti ń sunkún. Bàbá mi dìde, ó ní òun ń lọ pọn omi. Omi kún inú igbá.

Mi ò sọ òtítọ́ fún un lọ́jọ́ náà, mo ní ara rẹ̀ kò le. Nígbà tí ara rẹ̀ le, mo ní kí bàbá wa kọ́kọ́ lọ, kí n má bàa sọ ọ́ di onírọ́. Bàbá wa lọ. Mo tún wá ní kí ni àǹfààní ẹ̀. Òjó gbé ayé pẹ́. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ó ń hun agbọ̀n, kò sì fojú rí ọmọ rẹ̀ kankan. Mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n n kò padà sílé. Ọ̀rọ̀ tí Òjó ń sọ káàkiri nípa mi ni kò jẹ́ kí n lè gbé ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fetí sí i ló ń sọ fún pé ẹ̀gbọ́n òun dojú kọ òyìnbó nítorí òun.

Nígbà tó kú, mo lọ sin ín. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán nígbà tí àgbà kan dìde, ó nawọ́ sí mi, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wò mí dáadáa. Ó ní, "Ọkùnrin yìí lẹ rí yìí, ó wọlé tọ òyìnbó lọ nígbà tí ẹ̀rù òyìnbó ń ba ọba, ó ní òun fẹ́ àbúrò òun. Irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run fún wa."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Àwọn ọmọ Òjó wá dọ̀bálẹ̀ síwájú mi, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ṣeun." Mo gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kò tó nǹkan.